Odò Tó Ń Gùfẹ̀

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àyè fi ìdí lé. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u báyìí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí mo fi ń pa yín lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i pé ẹ ti di ẹ̀rín yín lọ́wọ́ wá láti ilé. Èmi Ọdẹ́rìndé tí ẹ ń wò yìí, mo ti wọ igbó tí ọ̀bọ ibẹ̀ ń fi orúkọ bàbá ẹni kí ènìyàn. Mo ti bá iwin wọ̀yá ìjà títí ó fi ní òun fẹ́ lọ mu omi, tí kò sì padà wá mọ́. Bí mo bá pòṣé lẹ́ẹ̀kan péré nínú aginjù, ẹkùn á bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun kò tíì yó lónìí. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò tó le jù lọ nínú ìran wa, èmi kọ́ ni mo rìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rìn ín, Ẹfúnwùmí, ọmọ ìyá mi. Kò mú ìbọn dání, kò ní oògùn ìṣọ́ra, ìró kan àti ìborùn kan ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó sì ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́ níbì kan, ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Ìlú wa, Abẹ́-Àpáta, wà ní èjìká Òkè Agbémìí. Odò Ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń já bọ̀ láti orí òkè náà, ó ń fò láti orí àpáta kan sí òmíràn, títí ó fi dé ibú kan lẹ́bàá ìlú, tí ó sinmi díẹ̀ kí ó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ibú náà ni à ń pè ní Ikùn Odò, ibẹ̀ la sì ti ń fún odò lóúnjẹ.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ni mo wí. Ní ọrọọrún, Ẹfúnwùmí á gbé iyán tí a fi epo pò, á gbé ewé tútù apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, á mú àkùkọ kan tàbí ẹyẹlé méjì, á sì da gbogbo rẹ̀ sínú Ikùn Odò. Ìyá wa ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú, ìyá ìyá wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Abọ́dò ni oyè wọn. Bó bá ti dà á tán, gbogbo ìlú á dákẹ́ lórí bèbè, a ó máa retí. Bó bá yá, omi á lé ròrò, ìléròrò ńláńlá á rú sókè láti ìsàlẹ̀, á bẹ́ gbàù lójú omi. A ó wá pariwo pé, "Ó ti gùfẹ̀! Ó ti yó!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àlejò bá jẹun nílé yín tó sì gùfẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀ pé ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bí àwa náà ṣe gba ti odò nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ìkùukùu tó máa ń bo orí òkè títí di ìyálẹ̀ta kò wá mọ́. Ọyẹ́ di ohun tí àwọn àgbà ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ wọn. Iṣu ń jinná nínú ebè kó tó dénú ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Kí wá ni àwa ṣe? A ní ebi ló ń pa odò. Ọrọọrún di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta di mẹ́jọ. Odò ń gùfẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe ń gùfẹ̀ sí i ni ooru ń le sí i, bí ooru ṣe ń le sí i ni à ń bọ́ ọ sí i. Ẹ ti rí i báyìí, àbí? Ibi tó tutù lẹ jókòó sí lẹ fi tètè rí i. Àwa kò rí i rárá.

Ẹfúnwùmí ní ọmọ kan ṣoṣo láyé, Ìbídùn, omidan tí a ó gbé fún ọkọ ní oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ tó lẹ́nu ni. Bó bá rí èmi pẹ̀lú ìbọn mi, á ní, "Bàbá Ọdẹ, nínú ẹ̀yin àti ìbọn yín, èwo ló ń pariwo jù?" Òun ló ń bá ìyá rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sódò, òun náà sì ni yóò jẹ oyè náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan báyìí, lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń da oúnjẹ sómi. Ìbídùn fi ọwọ́ bo imú.

"Ìyá mi, odò yìí mà ń rùn o. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́."

"Pa ẹnu rẹ dé. Ṣé ohun tí wọ́n ń wí létí odò nìyẹn?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Òótọ́ rẹ kò wúlò níbí. Apẹ̀rẹ̀ tó yí lọ sínú kòtò yẹn, lọ gbé e wá."

Kòtò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ikùn Odò, kò sí omi nínú rẹ̀, kò sì jìn ju àyà lọ. Ìbídùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹfúnwùmí rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń retí kó nàró. Kò nàró. Àwọn ọkùnrin méjì di imú wọn, wọ́n fi okùn fà á jáde. Ó ń mí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì pa dé. Wọ́n bu omi lù ú, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbá a létí. Kò jí.

Wọ́n pe Àwẹ̀ró, àgbà agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí gbogbo wa. Ó fi etí lé àyà Ìbídùn, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èémí tó wà nínú ọmọ yìí, kì í ṣe tirẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Èémí odò ló wọ̀ ọ́ lára. Tirẹ̀ ti bá ti odò lọ sókè. Omi ló ń sọ̀ kalẹ̀, Ẹfúnwùmí. Èémí rẹ̀, òkè ló ń lọ. Àfi kí ẹnì kan lọ bá orí odò níbi tó ti ṣẹ̀ wá."

"Ọjọ́ mélòó ló kù fún un?"

"N kò mọ̀. Mo ti gbọ́ ọmọ tuntun tó ń mí báyìí rí. Wọn kì í pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sunkún. Ó ń fi ìborùn gbàjá bí obìnrin tó fẹ́ lọ sóko.

"Rìndé, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bọ́ odò?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta o. Lójoojúmọ́ ni, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Iwájú rẹ̀ ni mò ń lọ bẹ̀bẹ̀. N kò fẹ́ kó fi ebi gbà mí lálejò."

"Ẹran ìgbẹ́ ni n ó máa fún un. Ẹ mọ̀ mí, n kì í lọ sígbó kí n bọ̀ lófo."

"Búra fún mi."

Mo fa àdá mi yọ, mo fi eyín kan irin rẹ̀. Mo fi Ògún búra pé odò náà kò ní í mọ ebi títí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi padà dé, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n dáwọ́ dúró, bí kì í bá ti í ṣe ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ọ, ìbọn ni n ó fi dá a lóhùn. Ó gbá mi léjìká, ó ní, "O ṣé, ọmọ ìyá mi." Ẹ wo bí mo ṣe yára búra tó.

N kò ní í fi bí ọ̀nà ṣe rí dà yín láàmú. Òkè ni, ó sì gùn ún. Ní ọjọ́ kejì, ó dé Igbó Ìdíbàjẹ́, níbi tí ewé ti ń já láti ọjọ́ tí a ti dá ayé, tí ẹnikẹ́ni kò gbá a rí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀. Bó ṣe ní kí òun gbé ẹsẹ̀ kẹta ni ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí. Ó fi ọwọ́ wá ohun tí yóò dì mú, kò rí nǹkan kan. Ìgbà náà ni ìléròrò bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde nínú ẹrẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, èyí tó bá sì ti bẹ́, ohùn á jáde nínú rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá Abọ́dò," ni àkọ́kọ́ wí. "Ẹ kò rántí mi? Èmi ni àkùkọ funfun tí ẹ gbé wá lọ́dún tí ẹ bí Ìbídùn."

Òmíràn bẹ́. "Èmi ni iyán ọjọ́ ìwúyè yín. Epo yín dùn."

"Àwa ni ewé gbòdògì apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ."

Ara Ẹfúnwùmí bù máṣọ. Ó ní, "Kí lẹ wá ń ṣe níbí? Ṣebí odò ti jẹ yín tán?"

"Ó gbé wa mì," ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà. "A kò dà nínú rẹ̀."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹrẹ̀ náà fúnra rẹ̀ dìde dúró. Iwin ni, Ẹlẹ́rẹ̀ lórúkọ rẹ̀, tó ga ju ilé lọ, tí ara rẹ̀ ń já bọ́ tó sì tún ń mọ ara rẹ̀ padà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè òun. "Kí ló ń jẹun láìní eyín, tó ń gùfẹ̀ láìyó?"

Ẹfúnwùmí kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n bi í yìí. Ó ní, "Odò ni. Ṣùgbọ́n odò tèmi máa ń yó."

Ẹlẹ́rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ méjèèjì fi já bọ́ sílẹ̀. "Ìdajì lo gbà," ló wí. "Ìdajì agbára rẹ ni n ó sì jẹ́ kó kọjá. Ọwọ́ òsì ńkọ́?"

"Mú un," ni Ẹfúnwùmí wí. "Ọwọ́ kan tó mi í gbé ọmọ mi."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni apá òsì rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì lè gbé e mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ká ní èmi ni, mo ti yìnbọn lu Ẹlẹ́rẹ̀ níkùn, mo ti fi ara rẹ̀ mọ ilé alájà méjì. Irọ́ ni mo pa yẹn. Ká ní èmi ni, mo ti padà sílé.

Ó jáde nínú igbó yẹn pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń gun òkè lọ. Ebi ń pa á. Òlèlè kan ṣoṣo ló kù nínú oúnjẹ tó dì sétí ìró rẹ̀, tó wé sínú ewé. Kò jẹ ẹ́. Ó ní ti odò ni, pé òun kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ohùn àwọn ìléròrò yẹn kò kúrò létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lé ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ó ní iwin ni wọ́n, iwin sì lè wí ohun tó bá wù ú.

Ní ọjọ́ kẹta, ó dé Ìlú Ẹlẹ́mìí-Díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àyà àwọn ará ìlú náà fi fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fi wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni lè fi èémí kan sọ. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń purọ́ níbẹ̀, èémí kò tó o, kò sì sí ẹni tó ń ṣe fọ́nńté. Mo gbọ́ yín o. Mo mọ̀ pé ẹ ń sọ pé ọjọ́ kan péré ni n ó fi kú níbẹ̀.

Obìnrin kan ló ń ṣọ́ bodè. Ó ní, "Ta. Nì. Yẹn?"

"Èmi ni Ẹfúnwùmí, Ìyá Abọ́dò ti Abẹ́-Àpáta, ìyá Ìbídùn tí odò gba..." Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣubú lulẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tó la ojú, obìnrin náà ń fi ìborùn fẹ́ ẹ.

"Rọra. Níbí. Ọ̀rọ̀. Wọ́n."

"Ọmọ. Mi. Ń. Kú," ni Ẹfúnwùmí wí.

Obìnrin náà wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fi ọ̀nà orí odò hàn án. Ó ní, "Kí. Lo. Fẹ́. Wí?"

"Dá. Ọmọ. Padà."

Obìnrin náà mi orí. "Kọ́kọ́. Bi í. Ohun. Tó. Ń. Ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yìí ya Ẹfúnwùmí lẹ́nu. Àwọn ìyá mẹ́ta ló ti bọ́ odò náà, títí kan òun náà. Kò sí ẹni tó bi odò léèrè nǹkan rí nínú wọn, àfi pé wọ́n ń sọ fún un ohun tí wọ́n fẹ́.

Ó fi eékún rá gun òkè tó kù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ló dé ibi tí odò ti ń ṣẹ̀ wá. Orí àgbà obìnrin kan ló bá níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí àpáta. Irun rẹ̀ ni omi funfun tó ń ṣàn, ọrùn rẹ̀ sì gùn lọ sísàlẹ̀ òkè títí ojú kò fi tó o mọ́. Orí náà ń mí hẹlẹhẹlẹ bí obìnrin tó ń rọbí. Gbogbo ìgbà tó bá mí, ìléròrò á rú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀. Ó tú òlèlè kan ṣoṣo náà, ó nà án síwájú.

Orí náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo bẹ̀ ọ́," ló wí. "Mo bẹ̀ ọ́, gbé e kúrò."

Ohun tí obìnrin bodè sọ wá sí Ẹfúnwùmí lọ́kàn. "Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"

Orí odò bú sẹ́kún. "Láti ayé ìyá ìyá rẹ, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Ewé tó bá já bọ́ sínú mi fúnra rẹ̀ ti tó mi jẹ. Ẹ wá ń da ohun tí n kò lè dà sí mi níkùn. Ó ń jẹrà níbẹ̀, ó ń di afẹ́fẹ́, inú mi ń wú. Ohun tí ẹ ń pè ní gùfẹ̀ yẹn, ìrora ni. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ayé wúwo, ó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ra díẹ̀. Lórí òkè yìí, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àpáta tí mo bá fò kọjá ló ń gbọ̀n ọ́n jáde lára mi. Ó ń gòkè, ṣùgbọ́n kì í lọ. Ó dúró lórí yín, ó bò yín mọ́lẹ̀ bí aṣọ ìbora. Ooru tí ẹ ń torí rẹ̀ bọ́ mi, oúnjẹ yín ni."

Ẹfúnwùmí kò lè gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọmọ mi ńkọ́?"

"N kò mú ọmọ rẹ. Inú kòtò tí èémí mi kún ni ó bẹ̀rẹ̀ sí, ó fà á símú. Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ láìbọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, inú mi á rọ̀, èémí mi á kúrò lára rẹ̀, tirẹ̀ á sì padà. Ó ti yẹ kó jí lánàá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń bọ́ mi láti ìgbà tí o ti kúrò nílé. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Wọn kò bọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹran ìgbẹ́ ni, tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣì gbóná."

Ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè ẹni náà.

"Ṣé ó kù díẹ̀ fún un?" ló wí.

"Ó ṣì lè gba ẹ̀ẹ̀kan sí i. Kò lè gba ẹ̀ẹ̀mejì. Ti òwúrọ̀ yìí ló ń kọjá lọ́rùn mi báyìí."

"Ti ọ̀sán ló kù nìyẹn. Ẹ gbé mi délé kí ọ̀sán tó pọ́n."

"Àpáta ọ̀nà pọ̀. N kò mọ bí a ti í rọra ṣàn."

"Ẹ má rọra."

Ó bọ́ sínú omi. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gun òkè náà, òwúrọ̀ kan ló fi sọ̀ ọ́. Odò gbé e sọ lu àpáta, ó gbé e fò, ó tẹ̀ ẹ́ rì, ó tún gbé e léfòó. Ó gbé e kọjá lẹ́bàá bodè Ìlú Ẹlẹ́mìí-Díẹ̀, ó gba abẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀ kọjá kí iwin náà tó bojú wẹ̀yìn. Egungun ìhà rẹ̀ dá. Eyín rẹ̀ méjì lọ. Gbogbo ìgbà tí orí rẹ̀ bá yọ lójú omi, oòrùn ló ń wò, láti mọ bó ṣe ga tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún sọ lọ́kàn rẹ̀, kó má baà gbàgbé rẹ̀ bí orí rẹ̀ bá tún lu òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.

Àwa wà lórí bèbè, gbogbo ìlú. Mo ti pa àgbọ̀nrín ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí mo ti pa láyé mi. Mo gbé e lé èjìká. Ní ẹ̀yìn mi, apẹ̀rẹ̀ ogún ló tò, nítorí àwọn obìnrin ìlú fẹ́ràn Ẹfúnwùmí, wọ́n sì fẹ́ kí odò ṣàánú rẹ̀. Bí oòrùn ti dé àtàrí gan-an, ẹnì kan kígbe. Orí ènìyàn ti yọ ní òkè Ikùn Odò, lábẹ́ ibi tí omi ti ń já bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ó rí wa. Ó rí àgbọ̀nrín léjìká mi. Omi kún ẹnu rẹ̀, ìró omi tó ń já bọ̀ sì wà láàárín àwa àti òun. Ó gbé ọwọ́ kan tó kù fún un sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe kan ṣoṣo sí mi.

Mo gbọ́ ọ. Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Ó ní, "Máa dà á!"

Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi. Mo kígbe sí àwọn tó wà lẹ́yìn mi pé, "Ẹ gbọ́ o! Odò ti gbà! Ó ní ká máa dà á!" Mo ju àgbọ̀nrín sínú omi. Apẹ̀rẹ̀ ogún tẹ̀ lé e. Wọ́n ń jó, wọ́n ń dà á. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ kan lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, tó ń mú ohun tó bá ti bá pàdé, tó ń jù ú sórí bèbè. Ó mú ewé, ó jù ú. Ó mú ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín, kò lè gbé e, ẹran náà sì fà á rì. Mo rò pé ayọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Odò gùfẹ̀. Kò gùfẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú omi wú sókè, ó bẹ́, ó ta sí wa lára. Gbogbo ìlú hó yèè, "Ó ti yó! Ó ti yó!"

Ariwo náà kò tíì rọlẹ̀ tí Àwẹ̀ró fi yọ láti ọ̀nà ilé. Kò wé gèlè. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnwùmí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Ó jókòó tì í sórí ẹrẹ̀, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì gbá a mọ́ra. Báyìí ni gbogbo wa ṣe mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sin Ìbídùn ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí, tó jókòó, tó sì sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo bi í. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà nínú omi?"

Ó ní, "Mo ní má dà á."

"Máa dà á ni mo gbọ́."

Ó ní, "Igbe ni mo ké, Rìndé. Ẹni tó bá ké 'má' láti òkèèrè, á fà á gùn. Ká ní mo sún mọ́ ọ, kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ò bá gbọ́ ọ." Kò bá mi wí. Ó bu omi fún mi mu, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Ojoojúmọ́ ló máa ń jókòó létí Ikùn Odò pẹ̀lú ọ̀pá kan, tó ń lé ẹni tó bá gbé oúnjẹ bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àlejò ń pè é ní wèrè. Ìléròrò ti dínkù níbẹ̀. Ooru kò tíì lọ, nítorí odò orí òkè kì í ṣe ẹyọ kan, a kò sì mọ ẹni tó ń bọ́ àwọn yòókù.

Ibi tí ìtàn mi sọ ẹrù sí nìyí. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, kí ẹni tó ní ọmọ lọ wò ó bóyá ó sùn dáadáa. Àwọn ọmọ yín sì ti máa ń bi mí léèrè ìdí tí bàbá àgbà tó lẹ́nu tó báyìí, bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan iná, kì í fi pariwo mọ́ wọn. Èmi, bí mo bá fẹ́ ní kí ọmọdé má ṣe nǹkan, mo máa ń dìde ni, kí n rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú.